Zóbò Ni, Kì í Ṣe Kúnú: Bí Ọ̀dà Olómi Ṣe Ń Di Òdòdó Lórí Bébà

Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kubwa, ní Àbújá, mo ń ya òdòdó hibiscus tó wà lára ọgbà. Ẹ̀gbọ́n kan tí ilé wọn fara kan tiwa, ọmọ Ọ̀ffà ni wọ́n, yọjú láti orí fẹ́ǹsì. Wọ́n wo àwo ọ̀dà mi, wọ́n tún un wò. Wọ́n ní, "Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n funfun dà nínú gbogbo èyí? Àbí owó rẹ̀ ni kò ká?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bébà ni funfun mi." Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àìlówó mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè wọn ló bí ohun tí mò ń kọ yìí, nítorí mo ti rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nínú watercolor, tí mo máa pè ní ọ̀dà olómi, kò ju ibẹ̀ lọ. Ìdí tí òdòdó fi ń di ẹrẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìdí tí bébà olówó pọ́ọ́kú fi ń dójú tini, ìdí tí èèyàn ò fi lè kun nǹkan bo àṣìṣe bí ẹni ń kun ògiri: ẹ wá ibi tí funfun ti ń wá, ẹ ó bá ìdáhùn gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń gbé Àbújá tí kò mọ zóbò àti kúnú. Ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dà wọ́n sínú ife dígí méjì, kí ẹ gbé wọn kọjú sí oòrùn. Zóbò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó máa rí ìka yín lódìkejì ife. Kúnú ò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan. Ẹ wá bu omi lu kúnú náà títí tí yóò fi máa ṣàn bí omi òjò. Ìka yín á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, àmọ́ bàìbàì ni, bí ẹni ń wo nǹkan nínú kùrukùru. Zóbò ní tirẹ̀, ẹ sè é kó le, kó pọ́n títí tó fi fẹ́ẹ̀ dúdú. Níbi etí ife tí kò ti jìn, pupa yóò ṣì máa tàn yọ bí iná.

Irú ọ̀dà méjì tó wà nìyẹn. Ọ̀kan mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Èkejì ń bo ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Gouache ni wọ́n ń pe irú èkejì tó jẹ́ olómi, ṣùgbọ́n èmi á máa pè é ní ọ̀dà kúnú níhìn-ín. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ lójú rú ni pé wọ́n rò pé ọ̀dà gaara ni ọ̀dà tí kò lágbára. Rárá o. Búlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní phthalo. Ó mọ́ gaara, síbẹ̀ bíńtín rẹ̀ tó wà lórí abẹ́rẹ́ á pa odidi ife omi láró. Bẹ́ẹ̀ sì ni bíbu omi sí ọ̀dà kúnú ò lè sọ ọ́ di zóbò. Ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀ ló ń ti ìmọ́lẹ̀ padà, omi ò sì yí ẹ̀tù padà.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí ọ̀dà kúnú, ojú ọ̀dà náà ló ti ń ta padà wá bá wa. Èyí tó bọ́ sórí ọ̀dà gaara ń wọlé lọ, ó ń lu bébà funfun nísàlẹ̀, á tún gba inú ọ̀dà náà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba inú àwọ̀ kọjá kó tó dé ojú wa. Òun ló fà á tí òdòdó tí wọ́n bá fi ọ̀dà olómi yà dáadáa fi máa ń dà bíi pé àtùpà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì bá òdòdó mu, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òdòdó fúnra rẹ̀ rí. Ẹ dúró ti igi hibiscus ní aago méje àárọ̀, kí òdòdó wà láàárín ẹ̀yin àti oòrùn. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè ka iṣan ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wà nínú ọ̀dà yìí gan-an? Ẹ̀tù àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, oje igi tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, àti nǹkan díẹ̀ bíi glycerine tàbí oyin tí kì í jẹ́ kó gan paali. Oje igi yẹn ò jìnnà sí wa rárá. Gum arabic ni, karo lẹ́nu àwọn Hausa. Lára igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní dakwara ni wọ́n ti ń rí i, ní Yobe, Borno, Jigawa àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó sún mọ́ aṣálẹ̀. Wọ́n á sá èèpo igi náà, oje á sun jáde, á gbẹ síbẹ̀ bí omijé, wọ́n á sì máa ṣà á. Sudan ló ń tà á jù lágbàáyé, àmọ́ Nàìjíríà náà wà lára àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Iléeṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ti ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ní ibùdó kan ní Gashua nítorí igi yìí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé oje tó kúrò ní Òkè Ọya lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tún padà wá bá wa nínú túùbù tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ká wá máa ná owó rẹ̀ bí ẹni ń ná wúrà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ oje yìí sọ́kàn. Bó bá gbẹ tán, omi ṣì lè tú u. A máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà títí mo fi mú ọ̀rọ̀ dé ìdí àdìrẹ. Mo bi wọ́n pé, "Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ta ló ń kun funfun?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ń kùn ún. Aṣọ ni."

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Aládìrẹ á ro ẹ̀kọ láfún, á fi ìyẹ́ adìyẹ ya àrà tó wù ú sórí aṣọ funfun, á jẹ́ kó gbẹ. Aláró á rì í sínú aró, á yọ ọ́, á sá a kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún rì í. Bó ṣe ń wọlé tó ń jáde ni dúdú rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò rí aró mu bíi tàwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, funfun tí a rí níbẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìyẹ́ adìyẹ. Ẹni tó bá ti débi kòtò aró Kofar Mata ní Kano rí ọgbọ́n kan náà lọ́wọ́ àwọn aláró ibẹ̀: iye ìgbà tí aṣọ bá wọ kòtò ló ń sọ bó ṣe máa dúdú tó. Kò sì sí rírì kan tó ń dá aṣọ padà sí funfun.

Ẹ fi bébà rọ́pò aṣọ, ẹ fi ìpele ọ̀dà rọ́pò rírì, ẹ ti ní ọ̀dà olómi lọ́wọ́. Láti orí èyí tó mọ́ jù la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí dúdú. Ẹni tó ń fi ọ̀dà kúnú ṣiṣẹ́ lè kọ́kọ́ kun dúdú, kó wá fi funfun kan orí ewé lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń lo ọ̀dà gaara ní láti mọ ibi tí funfun máa wà kó tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan omi. Ohun tó ń ni àwọn tó ń kọ́ ọ lára jù nìyí, ó sì dá mi lójú pé kì í ṣe ọwọ́ wọn ló kọ̀ ọ́. A ti mọ́ ọn lára láti fi kún nǹkan, ṣíṣẹ́ nǹkan kù ló ṣòro.

Ẹ̀kọ tiwa náà wà. Bí ẹ bá fi àbẹ́là funfun kọ ilà sórí bébà, ọ̀dà á sá fún un. Ó dára fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára ewé, àmọ́ kò ṣeé yọ mọ́, ibẹ̀ di funfun títí ayé nìyẹn. Omi rọ́bà kan tún wà tí wọ́n ń tà, masking fluid lorúkọ rẹ̀. Ẹ ó fi bo ibi tí ẹ fẹ́ kó funfun, ẹ ó kun orí rẹ̀, bó bá gbẹ tán ẹ ó fi ìka họ ọ́ kúrò. Ẹ fi ọṣẹ pa búrọ́ọ̀ṣì lára kí ẹ tó tì í bọ inú rẹ̀, tàbí kí ẹ ti kí búrọ́ọ̀ṣì náà pé ó dìgbóṣe. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí bébà. Nínú oṣù Kẹta kan tí ooru mú, mo fi sílẹ̀ lórí iṣẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ní mo rìnrìn àjò lọ sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tí mo dé tí mo fẹ́ ṣí i, awọ bébà ló bá a lọ, àárín òdòdó mi wá rí bí ibi tí ewúrẹ́ ti jẹ.

Èwo wá ni ti òdòdó tó funfun láti ilẹ̀? Frangipani pọ̀ nínú ọgbà àwọn ilé Àbújá, igi tó ń sun oje bíi wàrà bí ẹ bá já ewé rẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ funfun, tí àárín rẹ̀ sì dà bí èso ìyeyè tó pọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ya èyí, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó yà. Ẹ ó kun àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ yí i ká, ẹ ó fi búlúù tó rọ̀ gan-an sí ibi tí ewé òdòdó kan ti ṣíji bo èkejì, ẹ ó fi yẹ́lò kan àárín. Òdòdó yóò jáde lórí bébà tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ńṣe ni mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé èèwọ̀ ni ọ̀dà funfun ni? Kì í ṣe èèwọ̀. Albrecht Dürer ará Jámánì lò ó ju ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún sẹ́yìn, J. M. W. Turner ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò ó. Nígbà kan, funfun olójé ni wọ́n ń lò, ó sì máa ń dúdú lórí bébà bó bá yá. Ní 1834 ni Winsor & Newton ní London gbé Chinese White jáde, tí wọ́n fi zinc ṣe, ìyẹn kì í dúdú. Àwọn kan gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, àwọn kan fárí gá pé ó máa ba iṣẹ́ olómi jẹ́. Tèmi ni pé ẹ lè fi kán àmì kéékèèké bíi ti èérún àárín òdòdó. Bí ẹ bá pò ó mọ́ pupa kó lè di pínńkì fún ewé òdòdó, ẹ ti da kúnú sínú zóbò. Pínńkì tó mọ́ gaara, omi àti bébà ló ń ṣe é: ẹ bu omi sí pupa, ó parí.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí túùbù, ibi tí wọ́n ti ń rí owó wa gbà. Mo ra ọ̀dà mẹ́rìnlélógún nínú páálí kan rí, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n kọ watercolor gàdàgbà sára rẹ̀. Mo dé ilé, mo kùn ún, gbogbo rẹ̀ rí bí ẹfun. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé orúkọ tó wà níwájú túùbù ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa yí i sí. Bí iléeṣẹ́ náà bá níyì, ẹ ó rí àpótí kékeré kan níbẹ̀. Bí inú àpótí náà bá ṣófo, ọ̀dà gaara ni. Bó bá dúdú ní ìdajì, ó wà láàárín méjì. Bó bá dúdú tán, kúnú ni. Àwọn mìíràn ń kọ T fún gaara àti O fún èyí tó ń bo nǹkan.

Ẹ ó tún rí lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà. PR jẹ́ ti ẹ̀tù pupa, PB ti búlúù, PY ti yẹ́lò, PG ti àwọ̀ ewé, PV ti àwọ̀ àlùkò, PW ti funfun. Orúkọ lè yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, nọ́ńbà kì í yà. Bí ẹ bá rí PW6 nínú túùbù pínńkì, titanium ni wọ́n pò mọ́ ọn, ẹ̀tù kan náà tó wà nínú ọ̀dà funfun tí a fi ń kun ilé. Bí ẹ bá rí PV19 nìkan, ẹ rà á. Quinacridone ni, pupa tó fẹ́ jọ rose, ó mọ́ gaara, oòrùn kì í tètè pa á, kò sì sí ohun tó mọ òdòdó yà bíi rẹ̀. Iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ń tà á lọ́dún 1958, ọdún kan náà tí Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya, Uche Okeke àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ń dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò kan ara wọn, ó kàn máa ń wá sí mi lọ́kàn ni. Bí ẹ bá sì rí hue lẹ́yìn orúkọ àwọ̀, adípò ni: ẹ̀tù tó jẹ́ orúkọ yẹn gan-an kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Adípò kan dára o, àmọ́ ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó rà.

Bí túùbù bá dákẹ́ tí kò sọ nǹkan kan, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ fi bírò dúdú tí omi kì í fọ̀ fa ilà gbọọrọ sórí bébà. Bó bá gbẹ, ẹ kun gbogbo ọ̀dà tí ẹ ní kọjá lórí ilà náà, kí ó le díẹ̀. Níbi tí ilà bá ti dúdú ketekete, zóbò ni. Níbi tó bá ti dà bíi pé eruku bo ilà náà, kúnú ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní kọjá, ẹ ó sì mọ àwo yín ju ẹni tó tà á fún yín lọ.

Bébà náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ yẹpẹrẹ, torí òun ni funfun wa. Pierre-Joseph Redouté, tó ya òdòdó fún àwọn ayaba ilẹ̀ Faransé, orí awọ ọmọ màlúù tí wọ́n ha dán ló ń ya púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sí. Àwa ò ní láti lọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a nílò ni bébà tó wúwo tó 300 gíráàmù, bó bá sì jẹ́ ti òwú ó dára jù. Bébà tí a fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kò ju 80 lọ. Omi á kàn án, á ká kò, ọ̀dà á lọ gbára jọ sínú kòtò. Àwọn bébà òwú tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà olómi ní oje kan lára tí kì í jẹ́ kí omi wọlé wàràwàrà, torí náà àwọ̀ máa ń dúró lókè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè rí i. Bí owó bá kúrú, ọ̀dà mẹ́ta péré lórí bébà gidi sàn ju mẹ́rìnlélógún lórí bébà yẹpẹrẹ. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrora, páálí mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí hibiscus ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

Ewé òdòdó márùn-ún ló ní, ọ̀kan gun orí èkejì bí aṣọ tí wọ́n ká, ọ̀pá kan tó ru èérún yẹ́lò sì yọ gbọọrọ láàárín. Mo fi pẹ́ńsù yà á, mo wá fi rọ́bà pa á títí tó fi kù díẹ̀ kó má hàn, torí ọ̀dà gaara kì í bo pẹ́ńsù. Mi ò kun ewé méjì tó fara kan ara wọn tẹ̀léra. Ìkíní àti ìkẹta ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ìkejì àti ìkẹrin ń dúró kí ìyẹn gbẹ, ìkarùn-ún kẹ́yìn. Bí ẹ bá kun méjì tó so pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù, wọ́n á ṣàn wọnú ara wọn, ẹ ó sì pàdánù etí méjèèjì.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì mímọ́ fi omi lásán tẹ́ ewé kìíní, láti etí dé etí, mo fo ọ̀pá àárín. Ojú bébà ń dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Mo wá bu PV19 tó le, mo fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kan ìdí ewé náà, níbi tó ti sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun òdòdó. Ọ̀dà náà sáré. Ó na ìka lọ sókè, ó ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí kó tó dúró, ó sì fi ibì kan sílẹ̀ tí kò dé, níbi tí oòrùn ti bà lé ewé gidi. Èmi ò yà á. Omi ló yà á, èmi kàn ṣínà fún un ni. Ọ̀dà olómi máa ń ṣá bó bá gbẹ, nítorí náà mo ti jẹ́ kó le ju ohun tí ojú mi ń fẹ́ lọ.

Níhìn-ín ni ọyẹ́ ti ń fojú ẹni rí màbo. Lásìkò òjò, bébà lè tutù títí tí èèyàn á fi rí àyè ronú. Ní oṣù Kejìlá ní Àbújá, kí n tó ka ọgọ́ta, dídán yẹn ti ń lọ. Dídán yẹn ni aago wa. Nígbà tó bá ń dán, ẹ lè fi ọ̀dà kún un. Nígbà tó bá ti ṣá ṣùgbọ́n tí bébà ṣì tutù bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ ká ọwọ́ kò. Omi tí ẹ bá kán sí i ní àkókò yẹn á ti ẹ̀tù kiri, á ṣe etí wúruwùru bíi ti ewé kábéèjì, kò sì ní lọ mọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi omi pa ẹ̀yìn bébà náà, mo á wá tẹ́ ẹ sórí dígí, kí omi ìsàlẹ̀ máa bọ́ òkè. Mo ń pa fáànù. Mo sì ń bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, kí atẹ́gùn tó dìde, torí eruku ọyẹ́ tó bá bà sórí ọ̀dà tútù ti di ara àwòrán nìyẹn. Mo ní rose kan nílé tí èèyàn ń yìn mí fún pé mo fi àmì kéékèèké sí i lára. Mo kàn máa ń dúpẹ́ ni.

Ìpele kejì di lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán pátápátá, tí bébà kò tutù mọ́ bí ẹ bá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo po PV19 díẹ̀ mọ́ búlúù ultramarine, mo jẹ́ kó ṣàn, mo fi fa òjìji sí abẹ́ ibi tí ewé ìkejì ti gun orí ìkíní. Ẹ rántí oje igi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni omi ìpele kejì yìí ṣe lè tú ìpele kìíní sílẹ̀. Torí náà, ìgbà kan péré ni búrọ́ọ̀ṣì ń kọjá. Ẹ fà á, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ lọ fọ̀ ọ́ bọ̀ ń jí ìpele ìsàlẹ̀ lójú oorun, méjèèjì á dìde, wọ́n á sì jà.

Ìjà yẹn gan-an ni ẹrẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń sunkún rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ìpele ló pọ̀ jù. Mo ti fi ìpele méje ya bougainvillea tí kò di ẹrẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń fà á: kí ìsàlẹ̀ má tíì gbẹ, kí ọ̀dà kúnú wọ àárín, tàbí kí pupa, yẹ́lò àti búlúù pàdé níbi tí a kò pè wọ́n sí. Pupa àti àwọ̀ ewé ń pa ara wọn, ó sì jẹ́ pé òdòdó pupa àti ewé tútù kì í jìnnà síra. Bí wọ́n bá pàdé ní tútù, búráwùn la ó rí. Síbẹ̀ ọ̀tá yìí wúlò: ewé tí a po láti yẹ́lò àti búlúù nìkan máa ń tàn bíi páálí ọṣẹ, àmọ́ bí ẹ bá kán pupa òdòdó yẹn díẹ̀ sí i, á dà bí ewé tó hù nínú ilẹ̀ gidi. Ní ti ìpòpọ̀, mi kì í kọjá ẹ̀tù méjì, ó pẹ́ jù mẹ́ta. Ife omi méjì ló sì ń wà níwájú mi, ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan tí mi ò gbọ́dọ̀ fi ìdọ̀tí kàn. Ẹ má gbé tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bougainvillea tí mo dárúkọ yẹn, ẹ wò ó dáadáa nígbà míì tí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá fẹ́ǹsì Gwarinpa. Ohun pupa tàbí pínńkì mẹ́ta tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni wọ́n. Òdòdó gidi ni ìkòkò funfun tín-ín-tìn-ìn tó wà láàárín wọn. Ẹ fi bébà sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí. Wọ́n ní bí zóbò bá mọ́ gaara báyìí, kí ló dé tí mi ò fi zóbò ya òdòdó, kí n yé fowó ṣòfò? Kò burú. Mo ti ń ṣe ìdánwò oòrùn tẹ́lẹ̀, èyí tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta àwòrán yẹ kó ṣe. Mo kun gbogbo ọ̀dà mi ní ilà gbọọrọ sórí bébà kan, mo fi zóbò tí wọ́n sè fúnra wọn kun ilà tó kẹ́yìn, mo fi páálí bo ìdajì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Zóbò náà ò tilẹ̀ dúró de oòrùn: bó ṣe ń gbẹ ló ti ń kúrò ní pupa, tó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò tó ṣú.

Ìparí oṣù Kejì la ṣí i. PV19 ò mì, búlúù phthalo náà ò mì. Pínńkì kan tó ń tàn yòò, tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ti ṣá dé ìdajì ní apá tí a kò bò. Zóbò ti di omi tíì tó ti ṣá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bébà náà sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà fún mi.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Mímu náà la ó máa mu ún."